Gíríìnì tí ọyẹ́ bà jẹ́: bí a ṣe ń jí i dìde kí òjò tó dé

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, yìnyín ló ń ba pápá gọ́ọ̀fù jẹ́. Bí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á bá èbu lójú koríko níbi tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ pẹ́, wọ́n á sì dúró kí ilẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Yìnyín kì í bo Ìkòyí, kì í bo Ìkẹjà, ṣùgbọ́n àwa náà ní tiwa. Ọyẹ́ á fẹ́ láti Oṣù Kejìlá, oòrùn Oṣù Kejì á tẹ̀ lé e, gíríìnì tó tutù minimini ní Oṣù Kẹwàá á sì gbẹ bí ẹní àtijọ́.

Gíríìnì ni ojú ibi tí ihò wà, tí wọ́n ti ń rọra fi ọ̀pá ti bọ́ọ̀lù wọlé. Mílímítà 3 sí 5 péré ni wọ́n sábà máa ń gé koríko ibẹ̀ sí, ìdí nìyẹn tí ìyà kékeré fi máa ń hàn lára rẹ̀. Ẹni tó ní koríko bàhámà níwájú ilé ní Sùúrùlérè tàbí Gbàgádà lè lo ọ̀nà yìí kan náà. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn Oṣù Kejì ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí òjò Oṣù Kẹta àti Oṣù Kẹrin lè bá iṣẹ́ nílẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ̀ bóyá koríko náà kú ni àbí ó ń sùn. Bí omi bá ti wọ́n, bàhámà á jẹ́ kí ewé gbẹ, ẹ̀mí rẹ̀ á wà nínú ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ gé abala kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tó sì jìn tó ìka ọwọ́, kí ẹ ya á wò. Bí ìtàkùn inú rẹ̀ bá funfun, tó sì tutù lọ́wọ́, ó wà láàyè. Bí ó bá ń dá pẹ́kẹ́ bí igi ìṣáná, ó ti lọ. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ gbé e sínú abọ́ tó nihò nídìí, kí ẹ máa bomi rin ín níta fún ọjọ́ 10. Ní pápá kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n kánjú hú odindi gíríìnì dànù. Àwọn abala tí wọ́n kó dà sẹ́yìn ògiri, òjò méjì péré ló rọ̀ sí wọn tí wọ́n fi yọ ewé. Ó dùn mí títí dòní.

Ẹ wá ìdí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí súkúdíráfà kò bá wọ ilẹ̀, ilẹ̀ ti le jù. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun lójú ilẹ̀, iyọ̀ ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀yin ará Ìkòyí, Victoria Island àti Lẹ́kí, ẹ yẹ omi bọ̀ọ̀hóòlù yín wò dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò ni ẹ rò, ẹ po ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, ṣíbí méjì, mọ́ omi lítà 4, kí ẹ dà á sí ìwọ̀n mítà kan níbùú àti lóròó. Bí ìrẹ̀ tàbí kòkòrò mùkúlú bá wà níbẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n á máa jáde.

Ẹ bomi rin ilẹ̀ lálẹ́, kí ẹ wá gún un láàárọ̀. Ẹ̀rọ wà fún un, àmọ́ fọ́ọ̀kì ọgbà náà tó: kí ihò jìn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, kí àlàfo àárín wọn má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Iyanrìn ló kàn. Ẹ má jẹ́ kí onítípà já iyanrìn òkun fún yín, torí iyọ̀ inú rẹ̀. Ẹ bu iyanrìn odò sínú ife omi, kí ẹ rò ó, kí ẹ gbé e sílẹ̀. Bí omi bá dúdú fún ìgbà pípẹ́, ẹrẹ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí orí koríko ṣì máa yọ. Ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ ló ń gbá a wọ ihò dáadáa jù lọ.

Ibi tó bá kú pátápátá ni a máa lẹ̀. Ẹ má wá irúgbìn, torí púpọ̀ nínú bàhámà tí wọ́n ń lò fún gíríìnì kì í so irúgbìn tó lè hù. Irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò gọ́ọ̀fù ni kí ẹ mú. Mílímítà 108 ni fífẹ̀ ihò náà kárí ayé, nítorí náà ohun tí irin yìí bá gé jáde níbì kan á ṣe wẹ́kú níbòmíràn. Ẹ gé òkú kúrò, ẹ gé ààyè láti etí gíríìnì, kí ẹ gbé e sí ipò rẹ̀. Bí ó bá rì, ẹ bu iyanrìn sábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá yọrí, abẹ ẹ̀rọ á fá a títí dé gbòǹgbò. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ á ní kí n kúnlẹ̀: “Má fojú wò ó, ọmọ mi, fọwọ́ rà á.” Títí di òní, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń parí iṣẹ́ yìí.

Ẹ máa bomi rin ín ní ìdájí, kó mu dé ìsàlẹ̀. Ajílẹ̀ di ìgbà tí ewé tuntun bá yọ: NPK 15-15-15, gíráàmù 15 sí 20 fún mítà kan níbùú àti lóròó, kí ẹ sì fi omi wẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo fọ́n ọn sórí ilẹ̀ gbígbẹ lọ́sàn-án gangan. Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo ibi tí ọwọ́ mi dé ti jó, ẹ lè ka ojú ọwọ́ mi lórí ilẹ̀.

Ẹ gbé abẹ ẹ̀rọ sókè sí mílímítà 6 tàbí 7, kí ẹ má sì gé ju ìdámẹ́ta ewé lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbẹ́ ihò fúngbà díẹ̀ síwájú gíríìnì, kí ẹsẹ̀ má dé ibi tí ẹ lẹ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ á ráhùn; ẹ fi sùúrù bẹ̀ wọ́n: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.” Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé, ẹ fi ìka méjì fa abala kan sókè. Bí ó bá tẹ̀ lé ọwọ́ yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà, ó kù díẹ̀. Bí ó bá di ilẹ̀ mú, ẹ gbé ihò padà sí gíríìnì.