Bí mo ṣe gbin oúnjẹ ẹran sáàárín igi gúrófà

Mítà 5 ni mo fi sáàárín ìlà gúrófà kan sí èkejì, mítà 4 láàárín igi sí igi, torí gúrófà máa ń fẹ̀ tó bá dàgbà. Kó tó fẹ̀, koríko ni yóò jogún gbogbo àlàfo yẹn. Ewúrẹ́ sì wà nílé tó ń ké fún oúnjẹ. Mo ní bí ohun kan bá máa hù níbẹ̀ dandan, kó jẹ́ èyí tí mo fọwọ́ ara mi gbìn.

Ibi tí mo ti ronú jù ni ewé tí màá mú. Àwọn koríko gíga máa ń pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn a máa bá igi kéékèèké du omi àti ajílẹ̀, igi tí kò tíì rinlẹ̀ ni yóò sì pàdánù. Centrosema, ewéko kan tó jẹ́ ẹbí ẹ̀wà, ń tún ilẹ̀ ṣe, àmọ́ ó máa ń fà, ó sì ń lọ́ mọ́ ohunkóhun tó bá kàn. Ta ni yóò máa tú u kúrò lórí gúrófà? Stylo ni mo yàn. Ẹbí ẹ̀wà lòun náà, kì í gun igi, ó sì ń fara da ilẹ̀ tí kò lọ́ràá.

Èèpo irúgbìn rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Mo gbé omi kaná, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó hó, mo rẹ irúgbìn náà sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo sẹ́ ẹ, mo sì sá a síbi tí kò sí oòrùn. Nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa, mo pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ, torí ó kéré jọjọ, mo wọ́n ọn sílẹ̀, mo kàn fi erùpẹ̀ fẹ́lẹ́ bò ó. Mo fi mítà 1 sílẹ̀ yí ìdí gúrófà kọ̀ọ̀kan ká. Stylo kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, oko ríro ni. Stylo kì í yára dàgbà níbẹ̀rẹ̀, èpò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó dúró dáadáa, mo hú ọ̀kan, mo ṣan gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn kókó wínníwínní wà lára rẹ̀. Mo fi èékánná la ọ̀kan, inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àmì pé bakitéríà inú rẹ̀, àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí, ń fa náítírójìn tó jẹ́ oúnjẹ ewéko látinú afẹ́fẹ́ nìyẹn. Inú mi dùn ju ìgbà tí gúrófà kọ́kọ́ so lọ.

N kò jẹ́ kí ewúrẹ́ kankan wọ oko náà. Èèpo igi ni wọn yóò bó. Dòjé ni mo fi ń gé stylo, mo sì máa ń fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20, torí tí a bá gé e mọ́lẹ̀ jù, kì í rú padà dáadáa. Àmọ́ ẹni tó ń kó ewé kúrò lóko láìdá nǹkan padà, ilẹ̀ ló ń kó lọ: náítírójìn nìkan ni kókó yẹn ń mú wá. Nítorí náà, ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti jẹrà dáadáa ló ń padà sí ìdí gúrófà, láìkàn án mọ́ ara igi.

Tí a bá ti ká èso tán, mo máa ń rẹ́ ẹ̀ka. Orí ẹ̀ka tuntun ni gúrófà ti ń so, ìmọ́lẹ̀ á sì tún dé ọ̀dọ̀ stylo. Níbi tí òjìji ti borí, kò ṣe dáadáa mọ́. Ewé gbígbẹ ni mo fi ń bo ilẹ̀ ibẹ̀ báyìí.