Bí Mo Ṣe Yọ̀ǹda Ara Mi ní Ilé Ààbò Àwọn Obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù

Kí wọ́n tó gbà mí sí ilé ààbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn obìnrin tí ọkọ ń fìyà jẹ máa ń sá sí, mo mú ẹni méjì tó lè jẹ́rìí ìwà mi wá, wọ́n sì wo àkọsílẹ̀ ìjọba bóyá mo ti dáràn rí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé láti ọdún 2015 ni ó ti di ọ̀ràn lábẹ́ òfin kí ọkọ máa ṣọ́ owó, fóònù àti ìrìn ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ títí ayé yóò fi há mọ́ ọn, kódà bí kò bá nà án rí. Àdírẹ́sì ilé náà kò gbọdọ̀ ti ẹnu wa jáde, ìbáà ṣe sí ọkọ tiwa.

Ògbufọ̀ ni wọ́n fi mí ṣe. Obìnrin tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìyà tó jẹ, Yorùbá nìkan ló lè fi sọ ọ́. Ara ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ onílùú, ni físà rẹ̀ so mọ́, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba. Ọkọ náà ti sọ fún un pé bí ó bá fi lè jáde, Nàìjíríà ló ń padà sí. Irọ́ gbáà ni: láti ọdún 2012 ni ètò kan ti wà tó ń fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní oṣù 3, kí ó lè rí owó ìrànwọ́ gbà, kí ó sì fi àkókò náà béèrè fún ìwé ìgbélùú tirẹ̀.

Èmi kọ́ ni mo kọ ìwé ìbéèrè náà, nítorí pé ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kò gbọdọ̀ gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ físà. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, mo sì túmọ̀ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ láìfi kún un, láìyọ kúrò. Nígbà tó yíjú sí mi pé, “Àǹtí, kí lẹ rí sí i?”, agbẹjọ́rò ni mo gbé ìbéèrè náà fún.

Ohun tó ṣòro jù fún mi ni ìgbà tó bẹ̀ mí pé kí n bá òun pe ìyá ọkọ òun, kí wọ́n lè bá wọn parí ìjà. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, èmi náà sì ti wà nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ nílé. Mo kọ̀, nítorí pé ìgbà tí obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ni ewu máa ń pọ̀ jù, ìpè kan ṣoṣo sì tó láti tú àṣírí ibi tó wà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo fi hàn án pé bí kò bá lè sọ̀rọ̀, kí ó pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, lórí fóònù alágbèéká, kí ó tẹ 55 nígbà tí wọ́n bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó nílò ìrànwọ́. Mo sì ṣàlàyé pé 55 kò lè fi ibi tó wà han ọlọ́pàá fúnra rẹ̀.

Nígbà tí èsì ìwé náà dé pé wọ́n ti gbà, báǹkì ni a kọ́kọ́ lọ, kí owó tó bá wọlé lè máa wọ àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ tirẹ̀ nìkan.