Bí mo ṣe pa àwọ̀ ọsàn rẹ́ lórí ewú Màmá Abẹ́òkúta

Ẹni tí ewú rẹ̀ bá pọ̀, tí dáì dúdú kò sì bá lára mu, ni mò ń kọ èyí fún. Iṣẹ́ irun ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Abẹ́òkúta, ni mo bá tún orí ṣe.

Irun Màmá ti funfun tán níwájú àti ní ẹ̀bátí méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ìpàkọ́ ṣì dúdú. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń lo dáì oníyẹ̀fun tí à ń fi omi pò, títí awọ orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn, tí ìpéǹpéjú wọn sì wú tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Dókítà ní wọn kò gbọ́dọ̀ fi dáì dúdú kan orí mọ́. PPD, èròjà tó ń mú dáì náà dúdú, ló ń bá wọn jà. Ẹnì kan wá bá wọn lé làálì sí orí. Làálì kò yún wọn rárá, àmọ́ iwájú orí pọ́n yòò, ìpàkọ́ sì dúdú bó ṣe wà. "Ọmọ mi, gèlè ni mo fi ń sùn, gèlè ni mo fi ń jí," ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn nígbà tí wọ́n dé.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Irun tó bá hewú ti pàdánù àwọ̀ tirẹ̀. Bí a bá fi làálì sí irun dúdú, dúdú náà á bò ó, inú oòrùn nìkan la ti máa rí i pé ó pọ́n díẹ̀. Lórí ewú, kò sí ohun tí yóò bò ó. Àwọ̀ làálì fúnra rẹ̀ lẹ máa rí, ọsàn ni.

Àwọn kan ti gba Màmá nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi bílíìṣì ṣí i. Mo ní rárá. Làálì máa ń dì mọ́ irun gan-an, bílíìṣì kì í sábà kó o tán, ó kàn máa sọ ìpàkọ́ tó dúdú di ọsàn pẹ̀lú ni. Bí wọ́n bá sì ti po èròjà onírin mọ́ làálì náà lọ́jà, peroxide, èròjà inú bílíìṣì tó ń ṣí àwọ̀ irun, á bá a jà, irun á gbóná, á sì já. Ohun tí irun náà ń béèrè fún, búlúù ni. Tí búlúù bá pàdé ọsàn, méjèèjì á pa ara wọn, irun á di búráùn. Búlúù kan tí kò ní PPD nínú ni indigo, ìyẹ̀fun ewé tí à ń fi ṣe aró.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú páálí làálì náà wá. Lawsonia inermis nìkan ni wọ́n kọ sí i, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ewé làálì nìyẹn, ọkàn mi balẹ̀. Mo ka ti indigo tí mo rà náà: Indigofera tinctoria, orúkọ ewé indigo, kò sí òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí. Àwọn kan máa ń kọ "black henna" tàbí "indigo" sí páálí, kí p-phenylenediamine sì wà nínú rẹ̀, PPD yẹn náà ni. Tí páálí kò bá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Mo po indigo díẹ̀, mo fi sí ẹ̀yìn etí Màmá, a fọ̀ ọ́ kúrò, a sì fi wákàtí 48 ṣọ́ ọ. Láàárín àkókò yẹn ni mo ṣe ìdánwò irun. Mo gé díẹ̀díẹ̀ nínú èyí tó pọ́n jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bátí, mo fi òwú dì í ní ìdì mẹ́ta, mo rì wọ́n sínú indigo. Mo yọ ìkíní ní ìdajì wákàtí, ìkejì ní wákàtí kan, ìkẹta ní wákàtí méjì. Lọ́jọ́ kejì, ti ìdajì wákàtí ti di búráùn ṣùgbọ́n ó ṣì ń pọ́n tí a bá gbé e sí oòrùn, ti wákàtí kan di búráùn tó jinlẹ̀, ti wákàtí méjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú kirikiri. Màmá fẹ́ dúdú. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká mú ti àárín, nítorí dúdú kirikiri kì í jọ irun àgbàlagbà, funfun tó bá sì hù lábẹ́ rẹ̀ á tètè hàn. Wọ́n gbà fún mi.

Nígbà tí ẹ̀yìn etí kò yún, tí kò wú, a bẹ̀rẹ̀. Mo fi ṣampú fọ irun Màmá lẹ́ẹ̀mejì kí òróró kúrò, n kò fi kọndíṣọ́nà kankan sí i, nítorí òróró kì í jẹ́ kí indigo wọlé. Mo fi ìnura gbẹ omi rẹ̀, mo jẹ́ kó tutù díẹ̀. Mo fi Vaseline yí etí irun àti etí méjèèjì po, mo wọ ìbọ̀wọ́.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi po indigo, kì í ṣe omi gbígbóná, mo sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí à ń fún sí làálì kò gbọ́dọ̀ dé ibí, ìkan rẹ̀ kò ní jẹ́ kí búlúù jáde dáadáa. Mo rò ó títí ó fi ki bí ògì gbígbóná. Ìyẹ̀fun yẹn dà bí ewé nígbà tó ṣì gbẹ, àmọ́ nígbà tí mo dé e fún bí ìṣẹ́jú 15, ojú rẹ̀ ti ṣú, ó ń tàn búlúù. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ ká lò ó, nítorí agbára rẹ̀ kì í pẹ́ lọ.

Iwájú orí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó pọ́n jù. Mo ń fi òòyà pín in lẹ́sẹẹsẹ, mo ń lẹ̀ ẹ́ nípọn dé ìdí irun, n kò fà á tín-ín-rín. Ẹ̀bátí ni mo ti pẹ́ jù, irun ibẹ̀ le, ó sì máa ń kọ àwọ̀. N kò fi kan ìpàkọ́. Mo fi ọ̀rá dé orí, mo so aṣọ mọ́ ọn, a jókòó wákàtí kan.

Omi lásán ni mo fi ṣàn án. Irun tó jáde lábẹ́ omi yẹn ní àwọ̀ ewé, ọmọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ sì pariwo. Màmá kò tilẹ̀ mira. Ọmọ Ìtòkú, àdúgbò aládìrẹ ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n, ìdí ìkòkò aró ni wọ́n dàgbà sí. "Ṣé bí adìrẹ ṣe ń jáde nínú aró náà nìyẹn? Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i." Òótọ́ ni, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀: afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ẹ̀lú tí wọ́n ń lò nílé wọn kì í ṣe ewé kan náà pẹ̀lú èyí tí mo rà, ṣùgbọ́n aró kan náà ló wà nínú méjèèjì. Mo ní kí wọ́n má fi ṣampú kàn án fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọ̀ ewé yẹn lọ, búráùn tó jinlẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó sì bá ìpàkọ́ mu. Ẹ̀bátí òsì nìkan ló ṣì ń pọ́n díẹ̀, mo fi indigo kékeré tún ibẹ̀ nìkan ṣe.

Tí ó bá jẹ́ dáì olómi lẹ fi kun ewú tí ó wá ń pọ́n, ọ̀tọ̀ ni ti yín. Peroxide 6% inú rẹ̀, tí àwa onírun ń pè ní 20 volume, ló ṣí irun tó ṣì dúdú, pupa àti ọsàn abẹ́ rẹ̀ sì yọjú. Dáì tí wọ́n kọ ash sí, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ló ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ash nìkan kun orí tó funfun báláú: kò rí pupa tí yóò pa níbẹ̀, irun á wá ṣú, á tún máa ṣe bí àwọ̀ ewé. Ẹ po dáì tí wọ́n kọ natural sí mọ́ ọn.

Irun Màmá yóò tún hù, funfun ni yóò sì hù. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi indigo nìkan kun ìdí irun yẹn, torí lórí funfun, búlúù ni yóò dà. Làálì tí wọ́n bínú sí ló gbé búráùn yìí dúró. Làálì la ó kọ́kọ́ fi sí ìdí irun, a ó fọ̀ ọ́, ká tó fi indigo lé e, a kò sì ní jẹ́ kó kan èyí tí a ti kùn tẹ́lẹ̀, kó má baà máa dúdú sí i.