Ibú Tí Ẹja Ti Ń Jẹ: Ta Ló Yẹ Kí Á Fi Hàn, Kí Ló Yẹ Kí Á Pa Mọ́ra?

Ẹni tó bá ti ń fi ìwọ̀ pẹja fún ọdún mélòó kan lórí ọ̀sà Èkó, ní apá Ẹ̀pẹ́, tàbí lórí omi dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kò ní ṣàìní ibì kan tó jẹ́ pé bí ó bá ti ju ìwọ̀ síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ibẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kùkùté igi kan tí omi ti bò mọ́lẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹnu ibi tí odò kékeré kan ti ń wọ inú ọ̀sà. Bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan á rí ẹja nínú agbọ̀n rẹ̀, á sì bi í pé níbo ló ti rí i. Ìbéèrè yìí ti tú ọ̀rẹ́ ká lójú mi, ó sì ti ba ibú tó dára jẹ́, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ ọ̀nà tí mo ń gbà dá a lóhùn sílẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kò yẹ kí á kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó ń bèèrè. Omi fúnra rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ wò, kí á bi ara wa pé ìwọ̀ mélòó ni ibẹ̀ lè gbà kí ẹja tó tán níbẹ̀.

Omi tó fẹ̀ lè gba ènìyàn púpọ̀. Omi dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, gba ilẹ̀ tó nǹkan bí 4,000 hẹ́kítà. Bí ẹ bá sọ fún ènìyàn mẹ́wàá pé ẹpìyà ń jẹ dáadáa létí omi náà ní òwúrọ̀, ẹ kò tíì ṣe ibì kan léṣe. Bákan náà ni ẹnu ibi tí ọ̀sà Èkó ti pàdé òkun, níbi tí omi ti ń kún tí ó sì ń fà lójoojúmọ́, tí ẹja mìíràn sì ń bá a wọlé. Irú ibi báyìí, mo máa ń sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń so ìwọ̀ mọ́ okùn.

Ibú kékeré yàtọ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀bọ̀kún, ẹja tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ mọ̀ dunjú. Ní àsìkò òjò, takọtabo rẹ̀ máa ń wá ihò, ìbáà jẹ́ abẹ́ òkúta tàbí inú igi tó ti luhò nísàlẹ̀ omi, wọ́n á yé síbẹ̀, wọ́n á sì máa ṣọ́ ẹyin náà. Ẹja tó ń ṣọ́ ẹyin kì í sá jìnnà, kò sì ṣòro láti mú. Ẹpìyà ọ̀sà tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú tún ní ìṣe tirẹ̀: akọ ló ń gbé ẹyin sẹ́nu títí tí ọmọ yóò fi jáde. Mo ti fa ọ̀kan sókè rí, tí ẹyin rẹ̀ dà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ mi bí ìlẹ̀kẹ̀, ọjọ́ náà ni ó yé mi pé ẹja kan tí mo yọ lẹ́nu ìwọ̀ kì í ṣe ẹja kan ṣoṣo. Ibú tí irú ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà nínú rẹ̀, ènìyàn márùn-ún tó bá mọ ọ̀nà ibẹ̀ lè sọ ọ́ di omi òfìfo kí oṣù kan tó parí, láìsí ẹni tó ṣe aṣemáṣe nínú wọn.

Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ibú yín jẹ́ nínú méjèèjì, ẹ fi àsìkò kan dán an wò kí ẹ tó la ẹnu. Ẹ máa kọ ọjọ́, iye ẹja àti bí wọ́n ti tóbi tó sínú ìwé kékeré kan. Bí mo bá pa ẹja ńlá mẹ́ta níbì kan lónìí, tí ó sì gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kí òmíràn tó gbé ìwọ̀ mì, mo mọ̀ pé ibẹ̀ kò lè gba ẹnì kejì. Bí ó bá sì jẹ́ pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹ, tí ìtóbi wọn kò sì dín kù, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ẹni tí a ó mú lọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ apẹja máa ń fi pamọ́ láìnídìí, èyí sì ń dùn mí: ìmọ̀ bí a ṣe ń ka omi. Ibì kan kò dá ẹja ní láìsí àkókò rẹ̀. Ní àsìkò òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn máa ń tú omi tí kò níyọ̀ sínú ọ̀sà Èkó, iyọ̀ inú rẹ̀ á dín kù gan-an, ewé orí omi tí ń léfòó á sì bo ọ̀nà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á tún padà wọlé, ẹja òkun á sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹni tí ẹ bá sọ fún pé “ẹ̀yìn ọ̀pá kẹta ni” láìsọ oṣù àti ìgbà tí omi ń kún kò rí nǹkan gbà lọ́wọ́ yín. Ẹni tí ẹ bá sì kọ́ pé kó máa wá ibi tí omi mímọ́ ti ń pàdé omi rúrú, ibi tí òjìji igi ti ń bọ́ sórí omi ní ọ̀sán, ibi tí ẹyẹ ti ń já bọ́ sínú omi léraléra, tí ẹ kọ́ ní ìyàtọ̀ láàárín ekòló àti edé gẹ́gẹ́ bí ìjẹ, ẹ ti fún un ní ibú ogún láìfi tiyín hàn án. Ẹ kọ́ àwọn ènìyàn ní èyí láìdá ọwọ́ dúró. Kò sí omi tí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bà jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín bóyá ibẹ̀ jẹ́ tiyín láti fi hàn. Ibú tí ẹlòmíràn mú yín lọ kì í ṣe tiyín, bí ó ti wù kí ẹ ti lọ síbẹ̀ tó. Ẹ padà lọ gba àyè lẹ́nu rẹ̀. Èyí wúwo jù bí ó bá jẹ́ apẹja ìbílẹ̀ tó ń fi omi náà bọ́ ọmọ ló fi hàn yín. Àwa tí a ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ láti fi gbádùn ara wa, bí ẹja tán níbẹ̀, a ó lọ síbòmíràn. Òun kò ní ibòmíràn. Ní Ganvié, lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn apẹja máa ń gbin ẹ̀ka igi sínú omi kí ẹja lè fi ibẹ̀ ṣe ilé. Àkájà ni wọ́n ń pè é, ó sì ní ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lórí ọ̀sà tiwa, kì í ṣe àṣírí tí ẹ ṣàwárí, oko olóko ni. Àwọn omi kan tún wà tí a kì í pẹja níbẹ̀ rárá. Ní Òṣogbo, ikọ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ka ẹja sí, inú ìtàn ẹni tó “tẹ́wọ́ gba ẹja” ni oyè Àtáọ́ja sì ti wá. Igbó Ọ̀ṣun náà, tí UNESCO fi sínú àwọn ohun-ìní gbogbo ayé ní ọdún 2005, kò fàyè gba ìwọ̀ tàbí àwọ̀n.

Nígbà tí ẹ bá ti rí i pé ibú náà lè gba ènìyàn, tí ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti fi hàn, ìgbà yìí ni kí ẹ wá wo ẹni náà. Ẹ má fi ẹnu júwe ibẹ̀ fún un. Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sí omi gbangba lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ṣé ó ń dá ẹja kéékèèké padà sómi, àbí gbogbo rẹ̀ ló ń sọ sínú agbọ̀n? Ṣé ó ń kó okùn ọ̀rá tó já nílẹ̀, èyí tí ń lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ? Ṣé ó ń kí àwọn tó bá létí omi? Ẹni tó bá sọ ibú ẹlòmíràn fún yín nínú ọkọ̀ yóò sọ tiyín náà fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ẹ bá sì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé òun rí àǹfààní kankan nínú Gamalin tàbí kẹ́míkà mìíràn tí àwọn kan ń dà sómi láti pa ẹja, ẹ má ṣe fi ọ̀nà ibi kankan hàn án láé. Májèlé náà kì í yan ẹja ńlá sílẹ̀ fún kékeré, àwọn tí ń pọn omi náà mu ló sì ń padà sí lára.

Fóònù ni ó wá ń tú àṣírí jù lọ nísinsìnyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fi àwòrán ọ̀bọ̀kún kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ apẹja kan lórí WhatsApp, n kò sì dárúkọ ibì kankan. Ẹnìkan dá igi ọ̀pẹ méjì tó wà lẹ́yìn mi mọ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí mo fi bá àwọ̀n tí wọ́n na yí gbogbo ibú náà ká, ọdún náà sì parí kí n tó tún rí ẹja gidi níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ ọkọ̀ tàbí koríko nìkan ni mo ń fi ẹja lé kí n tó ya á. Ẹ pa ètò tí ń kọ ibi tí ẹ wà mọ́ ara àwòrán nínú kámẹ́rà fóònù yín, nítorí pé bí ẹ bá fi àwòrán náà ránṣẹ́ bí ó ti wà, ẹni tó gbà á lè ka ojú ibẹ̀ gan-an lórí máàpù. Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ ìròyìn, ẹ sọ orúkọ omi, oṣù àti ìjẹ tí ẹ lò, ó tó.

Ṣùgbọ́n kò sí àṣírí tó yẹ kí ènìyàn torí rẹ̀ pàdánù ẹ̀mí. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni mo bẹ̀ yín jù pé kí ẹ ṣe: ẹnìkan nílé gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ ń lọ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìjì lè dé sórí ọ̀sà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ọkọ̀ lè dojú dé, bí wọ́n bá sì ṣí omi dáàmù sílẹ̀ ní àsìkò òjò, odò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lè kún bo ẹni tó dúró létí rẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ibú náà di ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ ká a, ẹ fi lé ìyàwó, ọkọ tàbí àbúrò yín lọ́wọ́ pẹ̀lú àkókò tí ẹ ó padà: bí ẹ kò bá tíì dé ní wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì ké sí àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà nítòsí. Ẹ wọ aṣọ ìléfòó, bí ẹ bá tilẹ̀ mọ odò wẹ̀.

Ìgbà kan sì wà tí ìdákẹ́jẹ́ ló ń pa ibú. Àwọn tí ń wa iyanrìn lábẹ́ ọ̀sà àti àwọn tí ń fi iyanrìn kún etí omi láti kọ́lé kò mọ ibi tí ẹja ń yé sí. Bí àwa tí a mọ̀ bá dákẹ́ nítorí pé a kò fẹ́ kí apẹja mìíràn gbọ́, nígbà tí ẹ̀rọ bá dé, kò ní sí ẹni tó lè sọ pé ohun kan wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní agbègbè yín, ẹ tọ baálẹ̀ àti àwọn olórí apẹja lọ ní kíá, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀, tìwé tìwé. Ìwé kékeré tí ẹ ti ń kọ iye ẹja sí yóò wúlò lọ́jọ́ náà ju ohùn òkè lọ.

Bí ẹ bá pinnu láti má sọ, ẹ má purọ́. Ẹni tí ẹ darí lọ sí apá ibòmíràn lórí irọ́ yóò padà mọ̀, ó sì lè ti fi owó ọkọ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò. Mo máa ń sọ pé, “Ẹ má bínú, ibẹ̀ kò gba ènìyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ráyè lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ kí á jọ lọ sí Ọ̀yán.” Ọ̀pọ̀ ló ń gbà bẹ́ẹ̀ láìbínú.

Ní ti ẹni tí ẹ fẹ́ kí ó jogún ibú náà, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ yín kò bá gba ọkọ̀ mọ́. Ẹ má fi fóònù kọ́ ọ. Ẹ kọ́ ọ ní àmì méjì bí àwọn àgbà ti ń ṣe. Ẹ sọ fún un pé kí orí ọ̀pẹ yẹn wà ní ìlà kan pẹ̀lú òrùlé ilé yẹn ní apá ọ̀tún, kí igi àràbà sì wà ní ìlà kan pẹ̀lú ẹnu èbúté ní iwájú, ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé ni kí ó ju ìdákọ̀ró sí. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sí ìdí ọkọ̀, ẹ gbé àjẹ̀ lé e lọ́wọ́, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀ títí yóò fi wa ọkọ̀ débẹ̀ fúnra rẹ̀.