Bí a ṣe ń ka ìwé ìfẹ́ họ́kì tí ata rẹ̀ ń ta

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Abẹ́òkúta kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé òun rí ìwé ìfẹ́ họ́kì kan lọ́wọ́ mi nínú fọ́tò, òun sì fẹ́ mọ ohun tó pa ọmọ Ẹ̀gbá pọ̀ mọ́ àwọn ọkùnrin tó ń fi igi gbá rọ́bà lórí yìnyín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á." Ohun tí mo kọ sí i nìyí. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀ sí i fún ẹ̀yin yòókù tí ẹ̀ ń béèrè.

Saint Paul ní Minnesota ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe, lóru. Ìyá àgbà kan wà lọ́dọ̀ wa, ẹni ọdún 84. Ojú rẹ̀ kò ká lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, oorun kì í sì í kùn ún títí aago méjì òru. Ìwé ìfẹ́ họ́kì, ìyẹn ìtàn ìfẹ́ tí ọkùnrin inú rẹ̀ ń gbá họ́kì, ni kò fi ṣeré rárá kí ojú rẹ̀ tó di bẹ́ẹ̀, ló bá ní kí n máa kà á sí òun létí. Lóru ọjọ́ kẹta, mo dé ibi tí ọkùnrin inú ìwé ti ilẹ̀kùn yàrá. Ohùn mi lọ sílẹ̀, mo ṣí ewé méjì pọ̀. Ìyá na ìka kan, ó fi kan irin bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó. Ó ní, "Má fò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa sọ òótọ́ fún ara wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín kà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ eré náà, ìwọ̀nba ni o. Ènìyàn mẹ́fà ló máa ń wà lórí yìnyín fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé wà lára wọn. Abala mẹ́ta ni wọ́n ń gbá, ìṣẹ́jú 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ń gbá, tí wọ́n ń pè ní puck, rọ́bà líle pẹlẹbẹ ni, wọ́n sì ń mú un dì kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kó má baà máa ta kiri. Ẹni tó bá rú òfin kékeré á lọ jókòó sínú àhámọ́ fún ìṣẹ́jú 2. Ẹni tó bá jà, ìṣẹ́jú 5. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ti mọ ìdí tí obìnrin inú ìwé fi ń wo ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí kò ní ibi tó lè gbà lọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ojú àwọn méjèèjì sì ṣe mẹ́rin.

Ibi tí ìfẹ́ ti ń rí ìdènà ni ètò eré náà fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin ni wọ́n ń gbá eré, ó lé ní 80 fún ẹgbẹ́ kan, ìdajì rẹ̀ ló sì jẹ́ ní ìlú onílùú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdíje ife Stanley, ife tí wọ́n fi ń mọ olúborí líìgì náà, máa ń wọnú oṣù kẹfà. Nítorí náà, orí fóònù, láti inú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, ni púpọ̀ nínú ìfẹ́ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ sì lè fi ọkùnrin ṣe pàṣípààrọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó di ará ìlú mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwa tí ọkọ wa ṣáájú wa dé Amẹ́ríkà, tàbí tí àwa ṣáájú ọkọ, kò sẹ́ni tó máa kọ́ wa ní irú àárò bẹ́ẹ̀. Mo ti sunkún nídìí ìpè fóònù inú ìwé ju ibi tí wọ́n ti fi ẹnu kanu lọ.

Bí ẹ bá wà níbi tí òtútù ti ń mú, ẹ lọ wo eré náà lójúkojú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́bàá ibi tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n máa ń bu omi sórí pápá ìṣeré nígbà òtútù títí yóò fi dì, àwọn ọmọ a sì máa gbá họ́kì níbẹ̀ di alẹ́. Etí ni mo kọ́kọ́ fi mọ eré náà. Abẹ ìdí bàtà wọn lórí yìnyín ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń rin gbágùúdá fún gàrí: ṣàrà, ṣàrà, ṣàrà. Lẹ́yìn náà, gbàgà! Rọ́bà ti ba pátákó. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kàwé, mò ń gbọ́ ọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré yìí kò kàn wá. Ìyá àgbà ló bi mí lọ́jọ́ kan bóyá mo mọ Iginla. Mo ní kó tún un pè. Igi ńlá! Jarome Iginla ni, Edmonton ní Kánádà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1977, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, orúkọ Yorùbá gidi ló sì gbé wọ orí yìnyín. Òun ni balógun ẹgbẹ́ Calgary Flames fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó gbá góòlù 625 wọlé nínú NHL, ó sì gba wúrà fún Kánádà ní Òlíḿpíìkì ọdún 2002 àti 2010. Nígbà tí mo túmọ̀ orúkọ náà fún ìyá, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń dúró." Nítorí náà, bí ẹ bá rí i nínú ìwé pé lẹ́tà C wà láyà ọkùnrin kan, ẹ mọ̀ pé balógun ni, ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ ń wò, tí kò sì rọrùn fún láti jẹ́wọ́ pé nǹkan ń dun òun.

Ó wá ku ata. Àwọn òǹkàwé máa ń fi àwòrán ata sí abẹ́ orúkọ ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti ẹyọ kan dé márùn-ún, láti fi sọ bí ọ̀rọ̀ yàrá inú rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ahọ́n kálukú ló fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ má gbára lé e pátápátá. Bí èmi ṣe ń kà á nìyí: ata kan, tàtàṣé ni, ó pọ́n ṣùgbọ́n kò ta, wọ́n fẹnu kanu, ilẹ̀kùn tì. Mẹ́ta, ṣọ̀ńbọ̀, ẹ óò wọ yàrá. Márùn-ún, rodo tí a kò yọ kóró rẹ̀, ilẹ̀kùn kò tì rárá, wọ́n sì ń pe gbogbo nǹkan lórúkọ. Ẹ fi ìwé tí ata rẹ̀ jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi èèpo ẹ̀yìn ìwé mọ ata rẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní àwòrán aláwọ̀ mèremère bíi ti ìwé ọmọdé, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan lórí yìnyín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ti di ọ̀kan sínú àpò ẹ̀bùn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọlọ́dún 13, kí n tó ṣí i wò lóru ọjọ́ tí mo máa fi ránṣẹ́. Ojú ewé àkọ́kọ́ gan-an ni òǹkọ̀wé ti kìlọ̀ pé àgbà ni ìwé náà wà fún. Mo yọ ọ́, ọkàn mi kò sì balẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ máa ka ìkìlọ̀ yẹn, ó sábà máa ń sọ bí ikú òbí, ọtí àmujù tàbí ìwà ipá bá wà nínú ìtàn. Bí owó bá ń dùn yín, ẹ gba ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Kindle, áàpù ìwé kíkà ti Amazon, kí ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin tí ẹ ní káàdì ilé ìkàwé níhìn-ín, ẹ lè yá a lórí Libby, áàpù tí ilé ìkàwé fi ń yáni níwé, láìsan kọ́bọ̀.

Ọ̀nà ìtàn wọn kò pọ̀: ọ̀tá tó di olólùfẹ́, ìfẹ́ àdéhùn tó di òótọ́, àbúrò ọ̀rẹ́ ẹni, àjèjì méjì àti bẹ́ẹ̀dì kan. Ẹ mú èyí tó bá wù yín. Èmi kì í ka èyí tí ọkùnrin ti ń na gbogbo ẹni tó bá kí obìnrin rẹ̀, tí wọ́n sì ń pè é ní ìfẹ́. Mo máa ń gbé e sílẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀.

Bí ẹ bá ti wọnú rẹ̀, ẹ fiyè sí i pé ohùn méjì ló sábà máa ń wà: orí kan obìnrin ní "mo", orí kejì ọkùnrin ní "mo". Ibí yìí ni adùn wà jù fún mi. Ọkùnrin tó fọ́ eyín lórí yìnyín tí kò ké, ẹ óò wọnú ọkàn rẹ̀, ẹ óò bá a níbi tó ti ń bẹ̀rù pé bóyá obìnrin náà kò ní gbé fóònù. Àwọn bàbá wa kò sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ létí wa rí.

Ẹ má ṣe sáré lọ síbi ata. Ẹ ka ohun tó ṣáájú rẹ̀ bí ẹni ń ka owó. Nínú irú ìwé yìí, ó wọ́pọ̀ kí obìnrin náà wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí yìnyín. Ọkùnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ilẹ̀kùn á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orúnkún ara rẹ̀, á máa fa okùn bàtà náà níhò-níhò, á ní, "Ṣé kò fún ọ jù?" Á dúró gba èsì. Àwa tí wọ́n ti kọ́ ní ìkúnlẹ̀ láti kékeré, a mọ ohun tó túmọ̀ sí kí balógun kúnlẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ojú ewé, nínú yàrá, á tún béèrè irú ìbéèrè yẹn, pẹ̀lú ohùn yẹn, á sì tún dúró gba èsì. Ìbéèrè kejì yẹn ni ata. Bí ẹ bá ti fo okùn bàtà, ara lásán lẹ óò bá nínú yàrá. Bí òǹkọ̀wé kò bá sì kọ okùn bàtà kankan, tó kàn ń kó wọn wọ yàrá lẹ́ẹ̀mẹ́fà láìsí ohun tó yí padà láàárín wọn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti fò ó, èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà kò gbà.

Àbúrò mi tún béèrè bóyá ó dára fún ìyàwó ilé tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ́kọ, mò ń lọ, mo sì ń kà á. Obìnrin inú ìwé sọ ohun tó wù ú, kò sí ẹni tó fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀, ìtàn sì parí sí ayọ̀. Mi ò rí ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ la parí ti ìkínní. A ti bẹ̀rẹ̀ èkejì, aṣọ́lé ni ọkùnrin ti inú rẹ̀, ata mẹ́rin, a ṣì wà ní orí kẹta. Kò tíì fọwọ́ kan obìnrin náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í léèrè ohun tó fẹ́ jẹ ni, ìyá sì ti ní kí n padà ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.