Ẹ́ńjìnnì ń sọ̀kalẹ̀, ìdí ọkọ̀ ń wọlẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí lífítì inú ilé

Láti ìgbà tí mo ti de lífítì olópòó méjì, ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ sókè kí a lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, mọ́lẹ̀ ní àgbàlá mi, nítòsí Tákíè l'Ógbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè ò jẹ́ kí n gbádùn. Díẹ̀ rèé.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Abẹ́ la ti fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì Camry wa. Bó ṣe ń kúrò lára ọkọ̀ ni ìdí ọkọ̀ ń wọlẹ̀, tí imú ń fẹ́ gbéra. Kí la ṣì ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ lé gbogbo èèyàn kúrò lábẹ́ rẹ̀ ná. Ẹ wo báǹṣì tí èèyàn méjì jókòó sí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Tí ọ̀kan bá ṣàdédé dìde, ẹ mọ ohun tó máa ṣe ẹnì kejì. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin pẹ̀lú jíà rẹ̀ lè tó 200 kílò. Tí ìyẹn bá ti kúrò níwájú, ẹ̀yìn ló ń fa ọkọ̀. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ti sítáńdì gíga bọ ìdí rẹ̀, kó má baà wọlẹ̀ mọ́.

Nígbà míì, ẹ fa epo inú táǹkì, ẹ kó sípíà táyà àti gbogbo ẹrù búùtù sílẹ̀, kí ẹ sì ti gbé sítáńdì yẹn síbẹ̀ kí ẹ tó tú bóòtù tó kẹ́yìn. Tábìlì onítáyà ni kí ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé a kì í gbé ẹ́ńjìnnì níbí. Ọkọ̀ la ń gbé kúrò lórí ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀gá, mo ti tú gbogbo bóòtù, síbẹ̀ tí mo bá gbé ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ń bá a gòkè.

Àbúrò, má gbé e mọ́! Nǹkan ṣì so wọ́n pọ̀. Gbé tọ́ọ̀ṣì, wo wáyà áàsì tó wà lẹ́yìn, rọ́bà hítà, kébù jíà, páìpù sàlẹ́ńsà. Mo fa wáyà kékeré kan já bẹ́ẹ̀ rí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wá ohun tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà sítáàtì.

Iná lọ nígbà tí ọkọ̀ wà lókè, kò sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ṣé lífítì ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Orí ìkọ́ ààbò, irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ já wálẹ̀, ni ọkọ̀ jókòó sí. Ó gbọ́dọ̀ gòkè díẹ̀ kí ìkọ́ tó lè tú, mọ́tò tó ń lo iná ló sì ń gbé e gòkè. Ẹ dúró de iná, tàbí kí ẹ wá jẹnẹrétọ̀ ńlá. Mọ́tò tèmi jẹ́ kílówáàtì 2.2, ohun tó sì ń gbà nígbà tó bá fẹ́ gbéra ju ìyẹn lọ. "I better pass my neighbour" ò lè jí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi òòlù lu ìkọ́, ẹ gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀yọ́ ni mo wà. Ṣé mo lè de lífítì mọ́ íńtálọ́ọ̀kì tí mo tẹ́ sí àgbàlá?

Rárá o. Kí ni bóòtù máa dì mú níbẹ̀? Ẹ hú u, kí ẹ da kọnkéré tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán, kí ẹ sì wo ìwé lífítì yín bóyá jù bẹ́ẹ̀ ló ń béèrè. Ọjọ́ 28 ni kí ẹ fi sílẹ̀ kó gan. Bíríkìlà máa ní ọ̀sẹ̀ kan ti tó; ẹ má dá a lóhùn.