Bí ẹ ṣe lè yọ fèrèsé lúfà fúnra yín, kí ẹ fi èyí tó ń dènà ooru rọ́pò rẹ̀

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọyẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí fèrèsé tó ti gbó. Ẹ nu tábìlì láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ eruku ti tún bò ó. Bó bá wá di ẹ̀ẹ̀rùn, yàrá tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn á gbóná débi pé ọ̀gànjọ́ lèèyàn ó tó lè sùn níbẹ̀. Lúfà kì í ṣeé tì pa dáadáa. Bó ti wù kí ẹ fà á tó, àyè á ṣì wà láàárín gíláàsì kan sí èkejì. Ẹni tó bá ní téèpù, dírílù àti sùúrù lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ilé náà bá jẹ́ ilé ilẹ̀. Ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ fi í sílẹ̀ fún oníṣẹ́.

Èwo ni kí ẹ rà?

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí oòrùn ń gbà. Lọ́sàn-án gangan, òrùlé ló ń ru oòrùn; ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ń gba fèrèsé wọlé, ti ìrọ̀lẹ́ ló sì burú jù, nítorí ilé ti gbóná kó tó dé. Ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ náwó sí. Ẹ bèèrè gíláàsì tó ń dán bíi dígí níta, tó ń lé oòrùn padà. Gíláàsì dúdú lásán á mu ooru sára, á sì tú lára rẹ̀ sínú yàrá. Kọ́tìnì ò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí kí oòrùn tó kan kọ́tìnì, ó ti wọlé. Bówó bá mọ níba, páànù ìbòòji tí ẹ kàn sókè fèrèsé níta, tó tẹ̀ wálẹ̀ dáadáa nítorí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í ga, lè ṣe yín láǹfààní ju gíláàsì olówó ńlá lọ.

Gíláàsì onípele méjì dára fún yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Fún yàrá tí fèrèsé rẹ̀ máa ń wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru, ìnáwó lásán ni.

Sílídìn, tí gíláàsì rẹ̀ ń rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ló wọ́pọ̀ báyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti Takie títí dé Under G. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀: bó ti wù kí ẹ ṣí i tó, ìdajì ni yóò ṣí, lúfà àtijọ́ sì gba atẹ́gùn jù ú lọ. Kásímẹ́ńtì, tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn, ló dára jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo irin bọ́gílárì yín. Bó bá wà níta, kásímẹ́ńtì ò ní ráyè ṣí. Àfi kí wẹ́dà gbé irin náà wá sínú, tàbí kí ẹ gbà fún sílídìn.

Wíwọ̀n

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹ gbá sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ etí fèrèsé kúrò díẹ̀díẹ̀, kí ẹ lè rí ibi tí búlọ́ọ̀kù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn ìbú lẹ́ẹ̀mẹta: lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Ẹ wọn gíga náà lẹ́ẹ̀mẹta. Iye tó kéré jù lẹ máa mú, kí ẹ sì yọ sẹ̀ǹtímítà 1 nínú rẹ̀. Bí ìbú bá jẹ́ 121, 120.4 àti 119.8, ẹ ní kí wọ́n ṣe é ní 118.8. Férémù tó tóbi ju ihò lọ ò ní wọlé láé. Èyí tó kéré díẹ̀ ṣeé dí. Ẹ tún na téèpù láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́ lókè, kí ẹ ṣe ti ìkejì bẹ́ẹ̀. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, ihò náà wọ́, bíríkìlà ní láti tún un ṣe.

Ní àwọn agboolé àtijọ́, amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ògiri, sìmẹ́ńtì kàn wà lára rẹ̀ ni. Síkúrù ò ní dúró nínú amọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n da kọnkéré yí ihò náà ká, kó gbẹ, ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ó tó wọ̀n ọ́n.

Yíyọ ti àtijọ́

Ẹ má fọwọ́ kàn án kí tuntun tó délé, ẹ má sì ṣe é lásìkò òjò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ awọ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Láti òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ tẹ etí irin tó di gíláàsì mú sẹ́yìn, ẹ fà á jáde, ẹ tò ó sínú àpò. Ẹ wá fi ayùn gé igi férémù láàárín, kí ẹ fi irin wọ́ ọ wá sínú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi tipátipá gbá odindi rẹ̀ jáde, ògiri á tẹ̀lé e. Bí ògiri òkè rẹ̀ bá sì ti sán, ẹ dúró, ẹ pe bíríkìlà. Ó lè jẹ́ pé férémù yẹn ló ń gbé e dúró.

Gbígbé tuntun wọlé

Ìsàlẹ̀ ihò gbọ́dọ̀ dagun síta díẹ̀, kí omi lè ṣàn lọ. Ẹ gbé férémù lé pátákó pẹlẹbẹ, kí ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó títí yóò fi tọ́. Ẹ fi dírílù lu ojú síkúrù gba ara férémù wọ ògiri, ẹ fi rọ́bà síkúrù sí i, kí ẹ dè é. Àlàfo síkúrù kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ má dè é jù, férémù á tẹ̀, gíláàsì ò sì ní rìn mọ́. Ẹ má ṣí rọ́bà tó bò ó kí bíríkìlà tó rẹ́ etí rẹ̀ tán, torí sìmẹ́ńtì tútù máa ń ba alumíníọ̀mù jẹ́.

Ẹ fi sílíkónì, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tí omi kì í gbà kọjá, dí etí rẹ̀ yí ká, nínú àti níta. Nísàlẹ̀ sílídìn, ẹ ó rí ihò kéékèèké níta. Ẹ má dí wọn. Ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ da omi lu fèrèsé náà láti ìta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjì òjò ti ń wá. Ibi tí omi bá ti yọ sínú, sílíkónì ò dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún un fi.